Àjàní, Màmá Rẹ Kì í Ṣe Ẹrù

Àjàní, mo ti ka ètò tí o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp. Ó wú mi lórí. Ọmọ tó lọ yá RV, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ààrò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, torí pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó, ọmọ gidi ni. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ. Mo ti gbàdúrà tán o. Fa àga yẹn sún mọ́ mi, ìbáwí ló kàn.

Ta ló bá ọ ṣe ètò yìí? Màmá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Denver lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá mọ́, o fẹ́ gbé wọn gba Trail Ridge Road inú Rocky Mountain National Park lọ sórí òkè. Àjàní! Etí òkun ni Èkó wà. Denver tí à ń pè ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí fi ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ga ju òkun lọ. Ibi tí Trail Ridge Road ti ga jù, ẹsẹ̀ bàtà 12,183 ni. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà l'Ékòó lọ́jọ́bọ̀, ibẹ̀ lo fẹ́ kó dúró sí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó máa rẹ́rìn-ín sí fọ́tò.

Má sọ fún mi pé ara wọn le. Mo mọ̀, àbúrò wọn ni mí. Àwọn náà yóò sọ fún ọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn gun àìmọye àtẹ̀gùn orí òkè Ìdànrè láìsinmi lọ́nà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí òkè Ìdànrè gan-an kò ga tó títì tó wà níwájú ilé rẹ yìí. Atẹ́gùn òkè fẹ́lẹ́, ara kì í sì í mọ́ ọn lóòjọ́. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oúnjẹ ò ní wọlé, oorun ò ní kun ojú. Àìsàn òkè kì í wo alágbára, kì í wo ẹni tó ti gun Ìdànrè.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ. O ṣáà mọ̀ wọ́n. Bí orí bá ń fọ́ wọn, wọn á ní, “Kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.” Wọn ò ní fẹ́ ba ayọ̀ rẹ jẹ́, pàápàá bí wọ́n bá lọ gbọ́ iye tí o fi yá ọkọ̀. Nítorí náà, má wulẹ̀ máa bi wọ́n pé ṣé ara le. Abọ́ oúnjẹ wọn ni kí o máa wò. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi ẹran sílẹ̀ láìjẹ, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ wọn ò bá wá dúró dáadáa mọ́ nígbà tí wọ́n ń rìn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dàrú, tàbí tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó, má dúró de àárọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lóru náà, kí o sì wá dókítà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fi jẹun ní ìlú yìí ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Bí o ṣe máa ṣe é rèé. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sun Denver fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sinmi. Lẹ́yìn náà, gbé wọn lọ sí Estes Park, ẹsẹ̀ bàtà 7,522, kí ẹ sun ibẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gun òkè, ẹ tètè jí lọ, kí ẹ sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Lásìkò ooru, ọ̀sán ni ààrá sábà máa ń sán lókè yẹn, igi kan ò sì hù síbẹ̀. Kẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Mú ẹ̀wù òtútù àti fìlà dání fún wọn, torí yìnyín ṣì lè wà nílẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Kí wọ́n tó kúrò l'Ékòó, kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí oògùn náà sì wà nínú àpò ọwọ́ wọn.

Ó ku ti ibùsùn. Mo rí àwòrán inú ọkọ̀ náà, mo rí èyí tó wà lókè orí awakọ̀ tí èèyàn ń fi àkàbà gùn. Ibùsùn ẹ̀yìn, èyí tó ní ilẹ̀kùn, ti màmá ni. Ìwọ àti ìyàwó wa, ẹ lọ gun àkàbà. Ẹ̀yin lẹ ṣì ní orúnkún.

Ọkọ̀ yẹn ní táǹkì mẹ́ta: ti omi mímọ́, ti omi tí ẹ fi wẹ̀ tí ẹ fi fọ abọ́, àti ti ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ láàárọ̀, tó ń wẹ̀ lálẹ́ láti kékeré, ṣé o fẹ́ máa pariwo mọ́ ọn pé omi ń tán? Àwọn ibùdó àgọ́ inú Rocky Mountain National Park kò ní ilé ìwẹ̀. Lọ gba àyè ní ibùdó aládàáni ní Estes Park, níbi tí ẹ ó ti lè fa omi àti iná sínú ọkọ̀, tí ilé ìwẹ̀ sì wà. Ó lè wọ́n díẹ̀. San án. Ìyàwó wa ni kó fi bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ han màmá, kì í ṣe ìwọ. Dída táǹkì rẹ̀ nù ni iṣẹ́ tìrẹ.

Mo tún rí “ẹ̀wà àti dòdò” níbi tí o kọ oúnjẹ alẹ́ sí. Ta ló fẹ́ se ẹ̀wà lórí òkè? Ní Èkó, omi á gbóná dé 100 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó hó. Ní Denver níbí, nǹkan bíi 95 ló ti ń hó, bí ẹ bá sì ṣe ń gòkè ló ń dín kù. Hó ni yóò máa hó, ẹ̀wà ò ní rọ̀, gáàsì á sì tán. Jẹ́ kí a sè é nílé, kí o gbé e sínú fíríìjì ọkọ̀. Ọbẹ̀ ata wà lọ́wọ́ mi. Kò sì gbọdọ̀ sí ẹja gbígbẹ tàbí irú tí yóò sun ìta o! Béárì wà níbẹ̀, imú wọn sì mú. Bí màmá bá fẹ́ ya elk, àgbọ̀nrín ńlá ibẹ̀, ní fọ́tò, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 75 jìnnà sí i.

Lójú títì, orí ìjókòó ni kí màmá wà pẹ̀lú bẹ́líìtì, wọn kì í ṣe àpò gàrí tí a ń jù sẹ́yìn ọkọ̀. Má ya Old Fall River Road; ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ kò gbọdọ̀ gbà á. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kí o lò, má tẹ búréèkì títí yóò fi máa rú èéfín.

Àdúrà ìdájí ńkọ́? O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ọkọ̀ aládùúgbò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín gan-an, wọn kì í sì í fẹ́ ariwo níbùdó lóru. Má sọ fún màmá pé kí wọ́n dákẹ́, ìwọ ò tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún wọn pé ètè Hánà nìkan ló mì, Ọlọ́run sì gbọ́. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì gbà.

Ọmọ mi, kì í ṣe òkè ni ẹ̀gbọ́n mi wá wò. Ìwọ ni wọ́n wá wò, àti àwọn ọmọ ọmọ wọn. Ibi tí o fẹ́ gbé wọn dé lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù. Ẹyọ kan ti tó. Jẹ́ kí wọ́n se oúnjẹ kan fúnra wọn, jẹ́ kí wọ́n ròyìn ilé tán kí o tó mú fóònù. Ó yá, pe àwọn tó yá ọ lọ́kọ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Bí wọ́n bá ní kí o san owó kún un, èmi ni n ó san án.