Ojú Ibi Tí Wọ́n Yọ́ Pọ̀ Ló Tún Ń Là: Kí Ló Fà Á?

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ara, nítòsí Ẹdẹ, táǹkì ike dúdú tó wà lórí rádíétọ̀ mọ́tò bàbá mi là. Mẹkáníìkì kan fi irin gbígbóná yọ́ ojú ibẹ̀ pọ̀, ó ní ó ti parí. A ò tíì dé Òṣogbo tí omi fi tún ń dà, tí éńjìnnì gbóná kọjá ààlà. Ojú ibi tó yọ́ pọ̀ gan-an ló tún là. Bàbá mi wò mí: "Ìwọ tó ń ka sáyẹ́ǹsì, kí ló fà á?"

Ìdáhùn mi rèé. Ike lásán kọ́ ni táǹkì yẹn. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa, ẹ lè rí PA66-GF30. PA66 ni nylon. GF30 ń sọ pé nínú gírámù 100 rẹ̀, 30 jẹ́ fọ́nrán gíláàsì kéékèèké tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Bí àwọn àgbà ṣe ń po koríko mọ́ amọ̀ kí ògiri má baà sán ni. Tó bá gbẹ, nylon lásán máa ń já ní nǹkan bí 80 megapascal. Èyí tó ní gíláàsì lè tó 180.

Níbo wá ni agbára yẹn ń lọ? Ẹ ro aṣọ òkè. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Òwú inú ọ̀kan kì í kọjá sínú èkejì. Òwú tí wọ́n fi rán an nìkan ló dì wọ́n mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ike. Nylon ń yọ́ ní nǹkan bí 260°C, ó sì ń wọnú ara wọn, àmọ́ gíláàsì ò yọ́ níbẹ̀. Fọ́nrán á kàn sùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìsopọ̀, díẹ̀ ló ń kọjá sí òdìkejì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, kódà tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ bá yọ́ ọ pọ̀ dáadáa, agbára nylon lásán ló sábà máa ń kù síbẹ̀. Inú mọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Tí ike yíyọ́ bá pín yí ihò ká tó sì tún pàdé, ojú ìpàdé yẹn kì í lágbára tó ibi yòókù.

Àwọn ẹnjiníà mọ èyí, wọ́n máa ń jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ nípọn, tàbí kí wọ́n gbé e síbi tí wàhálà ò ti pọ̀. Ẹni tó ń tún un ṣe lè ri wáyà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ kó dábùú ojú ibi tó là, bí òwú ìránṣọ. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ike náà gbẹ: nylon ń mu omi, omi yẹn á hó tí iná bá kàn án, á sì dá ihò wẹ́wẹ́ sínú ojú ìsopọ̀.

Àmọ́ omi rádíétọ̀ lè gbóná ju 100°C lọ, ìfúnpá sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà la ṣe pààrọ̀ táǹkì wa. Tí tiyín bá là, ẹ wá àmì GF lára rẹ̀ kí ẹ tó náwó sí yíyọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ tó ṣì gbóná o!