Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

"Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run." Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London fi àwòrán ohun ọ̀sìn rẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí mi ní Igangan: ọmọńlé kan nínú àpótí onígíláàsì. Ó ní, "Bàbá, ará ilẹ̀ wa ni o."

Kò purọ́. Ọmọńlé onírù ńlá ni. Láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù ló ń gbé nínú ọ̀dàn, Tógò àti Gánà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó irú rẹ̀ lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìbátan rẹ̀ ni leopard gecko, ará ilẹ̀ gbígbẹ Pakistan àti Afghanistan. Ti ara ògiri wa kò lè pa ojú dé, ó sì ń gun àjà. Àwọn wọ̀nyí ń pa ojú dé, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn.

Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo ẹni tó ń gbèrò irú ọ̀sìn yìí.

Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí àgbẹ̀ Igangan ṣe ń kó àgbàdo sí àká de ọ̀gbẹlẹ̀, inú ìrù ni òun ń kó ọ̀rá pamọ́ sí. Bí ìrù bá ki, ara le. Bó bá ń gbẹ, inú ń run ún nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fi ìrù gbé e, nítorí ó lè já.

Kò lè dá ara rẹ̀ mú gbóná, ooru ló sì ń bá a da oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí apá kan àpótí gbóná tó 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì tutù díẹ̀, kó lè yan èyí tó bá a lára mu.

Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ilẹ̀ gbígbẹ pàápàá, inú ihò tó ní ọ̀rinrin ló ń sá sí lọ́sàn-án. Ẹ fi ike kékeré tí ẹ dá lu lẹ́nu, tí tísù rírin wà nínú rẹ̀, sínú àpótí. Láìsí i, awọ tó fẹ́ bọ́ á lẹ̀ mọ́ ọmọ ìka rẹ̀, á fún un bí òwú, ìka náà á sì gé.

Ìrẹ̀ alààyè ni kó máa jẹ, kí ẹ kọ́kọ́ yí i nínú ìyẹ̀fun kálísíọ́mù kí egungun ọmọńlé náà má bàa rọ̀. Ẹ má mú ìrẹ̀ inú oko tí wọ́n ti fín oògùn. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan: ẹ má kó akọ méjì sójú kan. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tán, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó lè lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín. Ẹ ra èyí tí wọ́n bí sínú ilé, ẹ fi ti inú ìgbẹ́ sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Kò lè ké bí ewúrẹ́ nígbà tí ebi bá ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ìrù rẹ̀ lójoojúmọ́.