Gbèsè Ojú Àlejò

Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, lẹ́yìn àlejò la ti ń san án. Ìlú tí owó kò ti pọ̀ ni òwe yìí ti ń dunni jù. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Erúwà tàbí Igbó-Ọrà pé onígbàgbọ́ kan ń bọ̀ láti òkè òkun, tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn láìgba owó oṣù, ìjọ á kun yàrá, wọ́n á ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ẹnìkan á pa adìyẹ tó ti ń sìn láti tà lọ́jà. Ìyá tó gbé oúnjẹ wá kò ní í sọ pé àwìn lòun ra ẹran inú rẹ̀. Ẹ̀rín ni yóò máa rín, yóò ní kí àlejò bu omi wẹwọ́. Ìwọ tí o ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọ kò ju èyí lọ: iṣẹ́ tí o pè ní ọ̀fẹ́, ẹnìkan ń sanwó rẹ̀ ní Ìbàràpá. Bí gbèsè náà yóò ṣe dín kù, tí ohun tí o máa fi sílẹ̀ yóò sì ju ohun tí wọ́n ná lé ọ lórí lọ, ni kó gbà ọ́ lọ́kàn kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Erúwà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀, Ìgàngán àti Lánlátẹ̀. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gbágùúdá, iṣu àti ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá le, àyè àwọn ọmọ mìíràn á ṣófo ní kíláàsì, kì í sì í ṣe ìpáǹle. Síbẹ̀, má dé bẹ̀ bí ẹni tó gbé ìmọ́lẹ̀ wọ inú òkùnkùn. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe wà ní Erúwà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà, ti àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀. Láti 1963 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá sí Igbó-Ọrà kí wọ́n lè mọ bí a ti ń tọ́jú ará ìgbèríko. Ìlú tó ti ń gba àlejò tipẹ́ nìyẹn. Wọ́n mọ ẹni tó wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì mọ ẹni tó wá ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti rin irú ìrìn àjò yìí rí. Ní 1853, David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn lábẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS. Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé sí tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́. “Ìyá” ni àwọn ọmọdé ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun dí, owó àti ẹrù láti ilé kò lè wọlé mọ́. Ó di pé kí tọkọtaya náà máa ta ẹrù ilé wọn láti fi jẹun, inú rere àwọn ará Ìbàdàn ló sì gbé wọn ró. Àwọn tó wá ran ìlú lọ́wọ́, ìlú ló wá ń bọ́ wọn! Wọn kò torí ìyẹn sá. Ó di 1869 kí wọ́n tó fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá. Bí àlejò ṣe ń san gbèsè nìyẹn: ó dúró pẹ́ títí àwọn ọmọ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ fi dàgbà.

Ogun kò sí lójú ọ̀nà rẹ lónìí bíi tiwọn, nítorí náà kò yẹ kí ebi rẹ di ẹrù ẹlòmíràn. Ẹni tó máa dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Wá pẹ̀lú owó oúnjẹ rẹ, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti owó ilé ìwòsàn. Gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kí o sì mú káàdì rẹ̀ dání, béèrè oògùn tó ń dènà ibà lọ́wọ́ dókítà, ra àwọ̀n ẹ̀fọn. Jẹ́ kí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ bá iṣẹ́ tí o wá ṣe mu. Ìjọ tó pè ọ́ ló yẹ kó kọ lẹ́tà tí o máa fi gbà á. Owó oúnjẹ náà, má nà án sí ìyá ilé ní gbangba bí ẹni tó wọ búkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, fi fún ìyàwó pásítọ̀ tàbí àgbà obìnrin ìjọ kó bá ọ gbé e fún un; yóò gbà á láìtijú. Láfún tàbí àmàlà tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa, jẹ ẹ́. Ìlasa yìí náà ni ọ̀pọ̀ ará Igbó-Ọrà ń sọ pé ó ń jẹ́ kí àwọn máa bí ìbejì, nítorí náà múra láti ní Táyé àti Kẹ́hìndé ju ẹyọ kan lọ ní kíláàsì, kí o sì kọ́ láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó máa ń dun ọmọ bí olùkọ́ bá ń fi orúkọ èkejì rẹ̀ pè é.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní oṣù kẹwàá 1961, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Peace Corps ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ tó wá di Yunifásítì Ìbàdàn láti gba ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó lọ máa ṣe olùkọ́. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó ní ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Káàdì náà jábọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, ilé ẹ̀kọ́ gbóná. Ọmọbìnrin náà ní láti padà sílé. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ohun tó rí ló kọ. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran: kò tíì mọ ẹni tó ń gbé inú àwọn ilé tó ń kọjá lára wọn. Káàdì kan ṣoṣo nìyẹn o. Tẹlifóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ lè fi ọmọ tí kò wọ bàtà han gbogbo ayé kí bàbá rẹ̀ tó ti oko dé. Má ya ọmọ ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ lẹ́nu òbí àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, má sì fi òṣì wọn tọrọ owó.

Kí o tó mú ṣọ́ọ̀kì, jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gbọ́ bí olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nítorí náà, bí ọmọ kíláàsì kejì bá ń wò ọ́ láìfèsì, má pè é ní olódo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èdè rẹ ni kò tíì yé e. Kọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nílé lẹ́yìn odi lo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ tí o kò sì lè sọ ọ́ jáde. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kí wọ́n sì mú ọ lọ kí ọba ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nípa ti ẹ̀sìn, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ gbangba. Nínú agbo ilé kan ní Ìbàràpá, bàbá lè jẹ́ mùsùlùmí, kí ìyá máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí àbúrò bàbá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, wọ́n á sì jọ jẹun ọdún. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí wọ́n fi ipá kọ́ ọmọ ilé ìwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kódà bí òfin kò bá sọ ọ́, ọmọ tí máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ kò lómìnira láti sọ pé òun kò fẹ́ àdúrà rẹ. Ìwà lẹ̀sìn. Ọjọ́ Ìsinmi wà fún ìwàásù. Láti Mọ́ńdè dé Fráídè, jẹ́ kí ìṣirò yé wọn.

Oníṣẹ́ abẹ ni Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, kì í ṣe olùkọ́ bíi tìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ mu. Ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Erúwà ní 1986, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2015. Nígbà tí ẹ̀rọ òkèèrè wọ́n, tí iná kò sì dúró, ó fi wíìlì kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kí o tó kó kọ̀ǹpútà wá síbi tí iná kì í tàn, béèrè ohun tó wà nílẹ̀. Ní Ìdèrè náà, sòbìà ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́sẹ̀ tí wọn kò fi lè dé ilé ìwé. Àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn kọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn bí a ti ń sẹ́ omi mímu, àwọn wọ̀nyí sì ń kọ́ aládùúgbò wọn. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe: má gba kíláàsì lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń gbé ìlú, ẹ jọ kọ́ wọn, kí ọgbọ́n tí o mú wá lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí o bá lọ.

Ẹ̀yin ìjọ tó ń gbàlejò náà, ẹ má yáwó nítorí àlejò. Ẹ kọ iye tí yàrá àti oúnjẹ yóò ná yín sínú lẹ́tà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìwọ ẹ̀wẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lo ní, fi owó ọkọ̀ òfuurufú yẹn san owó oṣù ọ̀dọ́ kan tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ Lánlátẹ̀ kó máa kọ́ àwọn ọmọ náà. Bí ọdún kan bá wà lọ́wọ́ rẹ, kọ̀wé sí ìjọ náà lónìí.