Oorun Kọ́ Ni Ìwòsàn: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ́tísíìmù àti OCD

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí ọmọ kan bá ń fọwọ́ nígbà ogún kó tó jẹun, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ní Idasen níbí ni pé ayé ló ń ṣe é. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n nà án.

Ohun méjì ló lè wà lára ọmọ bẹ́ẹ̀ pa pọ̀. Ọ́tísíìmù kì í ranni. Bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré nìyẹn. Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tó rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943. OCD ní tiẹ̀ ni kí èrò abanilẹ́rù máa padà wá, kéèyàn sì máa ṣe nǹkan kan léraléra kí ẹ̀rù náà lè lọ.

Wọ́n jọra lójú, ibẹ̀ ló ti le. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè máa to ìdérí ìgò láti àárọ̀ dalẹ́, kínú ẹ̀ sì máa dùn. Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ta ló pa lára? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹkún ló fi ń fọwọ́, tó ń rò pé bóun ò bá fọ̀ ọ́ ìyá òun á kú, OCD nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ bi í. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ ya àwòrán kó nawọ́ sí i.

Victor Meyer kọ̀wé nípa ìtọ́jú náà ní ìlú London ní 1966: ẹni náà á fọwọ́ kan ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò ní fọwọ́, á dúró títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bíi wíwọ odò láàárọ̀ ni, ara á kọ́kọ́ ta, tó bá yá á mọ́ ọn lára. Fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, díẹ̀díẹ̀ ni, ká sì ti sọ fún un ṣáájú. Kì í ṣe tipátipá o.

Àgbo wá ńkọ́? Ìyá kan ládùúgbò wa ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ torí àgbo ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ wa lọmọ náà. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ táwọn bàbá wa ń lò fún wèrè lágbára lóòótọ́: reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń múni sùn, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tó ń sùn kò ní fọwọ́, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti yá. Ó jí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó burú jù ni omi MMS tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2019, àjọ FDA, tó dà bíi NAFDAC tiwa ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé bíi kí èèyàn mu bílíìṣì ni.

Mi ò ní ká kórìíra àwọn oníṣègùn. Dókítà Lambo bá wọn ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, láti 1954. Ará ilé máa ń bá aláìsàn wá, wọ́n á jọ gbé lábúlé. Ìyẹn wù mí ju ká so ọmọ mọ́lẹ̀ lọ.

Bí ìyá yẹn bá bi yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ rí dókítà ní FMC Ọ̀wọ̀, kó kọ orúkọ gbogbo àgbo tọ́mọ náà ti mu sórí ìwé, kó sì mú un dání.