Ẹ̀kọ́ 14: Ẹ̀wù ìléfòó tó bá ara mu

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti Aguégué dé Àjàṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń lọ ọjà. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, akèrègbè tàbí bídọ̀n lè gbé ènìyàn léfòó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá rẹ onítọ̀hún, á jù ú sílẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó kì í fi ẹni tó dì í dáadáa sílẹ̀, bí ó bá ti bá ara rẹ̀ mu.

Ìyá kan lọ ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀. Ó ní:
— Ẹ fún mi ní èyí tó tóbi, kó lè wọ̀ ọ́ pẹ́.
Ọlọ́jà dáhùn:
— Rárá o, ìyá. Èyí kì í ṣe aṣọ ọdún. Bó bá tóbi, ẹ̀wù á léfòó, ọmọ á yọ́ bọ́ sísàlẹ̀.

Kí ni ká wò ká tó rà á?

1. Nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà N. 50 wà fún ẹni tó mọ̀wẹ̀, tí kò jìnnà sí etí omi. 100 ló yẹ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, lójú omi tí kò ru. Ó lè gbé nǹkan bíi kílò 10. Ẹ má ṣe sọ pé: «Kílò 70 ni mí, kò lè gbé mi.» Omi fúnra rẹ̀ ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ara wa.

2. Ìwọ̀n ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ iye kílò sí ara rẹ̀. Ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó lọ rà á.

3. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dì í, ẹ ká ọwọ́ sókè. Kí ẹlòmíràn fà á sókè ní èjìká. Bó bá dé etí yín, ó ti tóbi jù. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó gba àárín ẹsẹ̀.

4. Ẹ wo ojú rírán àti okùn rẹ̀. Bó bá ti ya, ẹ má rà á.

Ẹ má fi ṣe ìjókòó: ohun rírọ̀ inú rẹ̀ tó di afẹ́fẹ́ mú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ sá a síbi òjìji.

Ẹ wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Èyí tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ kì í gbani là.

Ẹ dáhùn:
1. Kí ló dé tí ọlọ́jà fi kọ̀ fún ìyá yìí?
2. Nọ́ńbà wo ló yẹ ẹni tí kò mọ̀wẹ̀?
3. Ẹni mélòó nílé yín ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi? Ẹ kọ ìwọ̀n kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan.