Epo Pupa Kọ́ Ni Ẹ̀rọ̀ Májèlé

Ìyá kan tó ń tajà ní Circle, ní Accra, kọ̀wé sí mi. Ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ alájọgbé wọn ká èso igi ọgbà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pa kóró rẹ̀ jẹ bí ẹ̀pà, kò sì pẹ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní báwo lòun ṣe lè dá igi olóró mọ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe parí lẹ́tà: "Dókítà, a tètè fún un ní epo pupa, epo sì pa oró náà."

Mo ti ń retí epo yẹn láti ìlà kejì! Epo ni ìrójú ọbẹ̀; mi ò gbọ́ ọ rí pé ó di ìrójú májèlé. Ọmọ tó bá jẹ oró, ètè rẹ̀ á ti pupa foo fún epo kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó rántí takisí. Ẹ̀yin ìyá mi, epo kì í wá oró kiri nínú ikùn kó dè é mọ́lẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé bí ọmọ bá ń bì, tó sì ń tòògbé, epo á ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn kejì á gun orí àkọ́kọ́. Mo tún un sọ: ẹ má rọ epo sí ọmọ tó ń bì lẹ́nu.

Kí ló wá dé tí ọmọ yín fi yá? Èso tútù tó ń pọ́n di yẹ́lò, kóró dúdú nínú rẹ̀: lápálàpá lẹ ṣàpèjúwe, tí àwọn tó ń sọ Twi ń pè ní nkrandedua. Kóró rẹ̀ dùn, ohun tó ń tan ọmọdé nìyẹn. Ó máa ń da inú rú kíákíá, ọmọ a bì, a ṣunú, ọ̀pọ̀ a sì yè é. Epo kàn gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe ni.

Ẹ má gbé ìyìn yẹn lọ bá ojú ológbò o, kóró wẹ́wẹ́ pupa olórí dúdú tí wọ́n ń sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó rún un lẹ́nu lè máa rìn kiri títí di ọjọ́ kejì kí inú tó yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ilé á ti máa yin epo nígbà náà.

Ìṣin ló ń bà mí lẹ́rù jù, akye àwọn ará Gánà, torí oúnjẹ ni. Èyí tó la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, ara funfun inú rẹ̀ ṣeé jẹ. Èyí tó ṣì padé, oró ni. Kóró dúdú rẹ̀, oró ni, ìbáà pọ́n, ìbáà má pọ́n. Oró yìí kì í jẹ́ kí ara lè sọ ọ̀rá di agbára. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọmọ á bì, gìrì á mú un, kò ní mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Ní Burkina Faso, láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 1998, ọmọ kéékèèké 29 ló kú bẹ́ẹ̀. Ìṣin tí kò pọ́n ni àwọn olùwádìí dá lẹ́bi. Omi ṣúgà tí wọ́n bá tètè fà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára nílé ìwòsàn ló lè gbà á. Epo tí ẹ ń fún un ńkọ́? Ọ̀rá ni, ohun tí ara rẹ̀ kò lè lò mọ́ gan-an.

Ní ti ìbéèrè yín, kò sí àmì kan ṣoṣo. Ewúro korò, a ń jẹ ẹ́. Lápálàpá dùn, ó ń dá ni gúnlẹ̀. Ẹ mọ èyí tó wà láyìíká yín lójú àti lórúkọ. Lárà: ewé fẹ̀, ó pín bí ìka ọwọ́, èso rẹ̀ ní ẹ̀gún, kóró rẹ̀ ní àbàwọ́n. Olómiòjò tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà: òdòdó yẹ́lò, ewé tẹ́ẹ́rẹ́, oje funfun, ọkàn ló ń bá jà.

Bí ọmọ bá jẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ di ìyókù èso tàbí ewé náà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gbéra. Láti Circle, ilé ìwòsàn Ridge kò jìnnà. Korle Bu náà wà. Ẹ sọ ìgbà tó jẹ ẹ́ àti iye tó jẹ fún dókítà. Bí ẹ bá sì ti fún un ní epo, ẹ má tijú, ẹ sọ ìyẹn náà.