Ẹ Tọ́jú Kànga àti Tánkì Yín Kí Òjò Tó Dé

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí omi ilé. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gba owó ńlá, ọwọ́ ara wa la sì lè fi ṣe é, àfi apá kan tí a óò dárúkọ.

Ní àwọn ìlú tí òtútù ti ń mú gan-an, ẹni tó bá ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà rẹ̀ máa ń pa á dé kí ìgbà òtútù tó wọlé. Yóò fa omi kúrò nínú páìpù, yóò da kẹ́míkà sí ìyókù, yóò sì fi nǹkan bò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé omi tó bá di yìnyín máa ń wú, á sì fọ́ páìpù. Àwọn ilé tó ní irú adágún bẹ́ẹ̀ wà ní Àpápá náà, ṣùgbọ́n yìnyín kò mọ ọ̀nà Àpápá. Òjò ni ìgbà òtútù tiwa. Kì í fọ́ páìpù. Ikùn ọmọ ènìyàn ló ń dà rú.

Ẹ ò gbàgbé òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tó sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó di odò. Bí àgbàrá bá ti wọlé báyẹn, ohun tó wà nínú ṣálángá àti gọ́tà ló ń gbé lọ sínú kànga. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó yá owó ẹgbẹ́ tí àrùn yìí sì dá gúnlẹ̀, kí ló fẹ́ fi san án? Owó ìlera ni owó òwò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1854, onígbáméjì jà ní London. Dókítà John Snow tọpa rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni má baà pọn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ihò ẹ̀gbin ilé kan wà nítòsí kànga ẹ̀rọ náà, ó sì ń jò sí i.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí kànga jìnnà sí ṣálángá tó mítà 30. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, èyí tí kò ju mítà 15 sí 30 lọ. Ní Ajégúnlẹ̀, tí ilé fara kan ilé, níbo la ti fẹ́ rí mítà 30? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó yé wa pé fífọ kànga ń pa kòkòrò tó wà níbẹ̀ lónìí. Kò lè dí ọ̀nà èyí tí yóò jò wọlé lọ́la.

Ohun tí a óò lò ni kílórínì oníyẹ̀fun tí àwọn tó ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ń pè ní HTH. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n.

KÀNGA. Èkíní, ẹ fa omi inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Apá tí a ní kí ẹ má dá ṣe nìyí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kànga ni kó wọ ọ́, torí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ lè má tó mí. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń lo bẹntiróòlù sínú rẹ̀ láé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìpariwo. Bí ẹnì kan bá dákú níbẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ pe 767 tàbí 112.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí omi sun padà, kí ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ sọ ọ́ sí i, kí ẹ sì wọn ibi tó tutù lára okùn náà. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 2, omi rẹ̀ tó bíi lítà 1,600.

Ìkẹta, ẹ po gíráàmù 50 kílórínì mọ́ omi korobá lítà 20. Nínú rẹ̀, ẹ da lítà 10 sí kànga fún lítà 1,000 omi kọ̀ọ̀kan. Kànga tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí yóò gba lítà 16. Bí onígbáméjì bá wà ní àdúgbò, ẹ sọ kílórínì náà di gíráàmù 100.

Ìkẹrin, ẹ bò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má pọn ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fa omi náà dànù títí òórùn líle rẹ̀ yóò fi lọ.

TÁNKÌ. Ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ rọ omi sí i dé ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹ wọ́n gíráàmù 80 kílórínì sí i fún lítà 1,000 tí tánkì náà ń gbà, kí ẹ wá rọ ọ́ kún. Ẹ ṣí ẹ̀rọ títí ẹ ó fi gbọ́ òórùn kílórínì, kí ẹ tì í. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, àmọ́ kì í ṣe sídìí ọ̀gbìn tàbí sínú odò. Kílò kan to tánkì onílítà 1,000 méjìlá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a jọ rà á.

Tánkì inú ilẹ̀ àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní ìkìlọ̀ tiwọn: ẹ má sọ wọ́n dòfìfo nígbà tí òjò bá ti rin ilẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti èyí tó ṣófo sókè, kó sì sán.

Kílórínì kì í ṣe ohun ìṣeré. Inú omi la ń dà á sí. A kì í da omi lé e. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tàbí oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sítòsí kẹrosíìnì.

Ó ku ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù ń jẹ́ kí omi tòrò ni, kì í pa kòkòrò. Ẹni tó fi òun nìkan tọ́jú omi, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Bí a tilẹ̀ ti fọ kànga, omi tí a óò mu àti èyí tí a óò tà fún oníbàárà, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì bò ó. Bí omíyalé bá sì bo kànga mọ́lẹ̀, ẹ tún un fọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wa nìyí. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí kálukú wọn kànga ilé rẹ̀, kó bá onílé àti àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀, kó sì mú iye kílórínì tí ilé rẹ̀ fẹ́ wá fún akọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.